Àpótí Ọta

Ọdẹ́wálé gbẹ́nàgbẹ́nà kò lè yí ọrùn rẹ̀ bọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá pè é lẹ́yìn, gbogbo ara ló fi ń yí. Ogun Kamẹrúùnù ló bà á jẹ́ fún un. Ìjọba òyìnbó kó òun àti Fáwùmí, àbúrò rẹ̀, láti Ẹdẹ lọ ru àpótí ọta ìbọn fáwọn ṣọ́jà. Fáwùmí ṣubú sínú ẹrẹ̀ tòun tàpótí lórí. Àpótí ni wọ́n kọ́kọ́ gbé dìde. Kí wọ́n tó padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀mí ti bọ́.

Lẹ́yìn tí ogun parí, Ọdẹ́wálé lọ wá igi nínú igbó ìdí rélùwéè, níbi táwọn ṣọ́jà ti pàgọ́ rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ nǹkan lábẹ́ ewé. Àpótí ọta méjì ni. Ìdí ọ̀kan ti jẹrà, ìdérí èkejì ti fọ́. Ó dúró tì wọ́n títí, lẹ́yìn náà ó gbé wọn wálé.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́, ìyàwó rẹ̀, figbe ta. "Ohun tó pa Fáwùmí lẹ ń gbé wọlé yìí?"

"Igi kọ́ ló pa á. Adébísí ń lọ ilé ọkọ, kò sì ní bàbá tí yóò wá àpótí aṣọ fún un. Jẹ́ kí á rí nǹkan kan gbà padà lọ́wọ́ ogun yẹn."

Adébísí nìkan lọmọ tí Fáwùmí fi sílẹ̀.

Ọdẹ́wálé fi ara àpótí kan tún èkejì ṣe. Ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti yanrìn ha ìpáàrà ara irin rẹ̀. Ògúndèyí alágbẹ̀dẹ rọ ìdè tuntun fún ìdérí. Àmì adé ọba òyìnbó tí wọ́n fi iná jó sára igi náà ti wọlé jù, kò ṣeé fá, ó bá fi í sílẹ̀. Ó fi epo pa á títí ó fi ń dán. Adébísí kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó to aṣọ rẹ̀ sínú rẹ̀, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé.

Àṣé ẹnìkan ti lọ sọ. Akọ́dà ilé ẹjọ́ yà wọlé.

"Ẹrù ìjọba lèyí. Ta ló fún ọ láṣẹ?"

"Inú igbó ni mo ti rí i. Ikán ló ń jẹ ẹ́."

"Ikán ìjọba ni." Akọ́dà da aṣọ ọmọ náà sílẹ̀. "Ó yá, gbé e."

"Ọrùn mi kò—"

"Mo ní kí o gbé e!"

Ọdẹ́wálé rù ú la ọjà kọjá dé ìdí rélùwéè. Àwọn tí wọ́n jọ re Kamẹrúùnù rí i, wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Òyìnbó ìjọba tó ń gbé ibẹ̀ yẹ àpótí náà wò, ó rẹ́rìn-ín, ó bá ògbufọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ó ní ọwọ́ rẹ dára. Bàtà ni yóò máa kó sí i. Kí o padà wá lọ́la, òmíràn tó bàjẹ́ wà nílẹ̀ tí wàá tún ṣe."

"Ẹ bá mi sọ fún un pé ọmọ Fáwùmí ló ni ín."

"Ta ni Fáwùmí?"

"Abẹ́ irú rẹ̀ ló kú sí."

Ògbufọ̀ wo òyìnbó, ó wo Ọdẹ́wálé. Kò túmọ̀ rẹ̀. "Tètè dé lọ́la," ló wí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Adébísí di aṣọ rẹ̀ sínú ìró, ó gbé e lọ sílé ọkọ ní Alájùé. Kò sunkún, ìyẹn ló dun Ọdẹ́wálé jù.

Kí akọ́dà tó wá mú un láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọdẹ́wálé ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ fún Ògúndèyí, ó ti mú ìyàwó rẹ̀ lọ sóko ní Ara. Ibẹ̀ ló ti ń gbin iṣu. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó bá òun kan ilẹ̀kùn, a ní òun ò mọ iṣẹ́ igi.