Florence Kìíní ti Ùsì

Bí o bá dúró síwájú ọjà Ùsì láàárọ̀ Sátidé, tí o sì kígbe "Florence!" lẹ́ẹ̀kan péré, obìnrin mọ́kànlá ni yóò dá ọ lóhùn, gbogbo wọn á sì bínú pé o ń pariwo. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò tíì pé àádọ́rin ọdún. A ní Florence Ẹlẹ́pà. A ní Florence Onírun Funfun, orúkọ tí kò mọ́gbọ́n dání rárá, nítorí irun gbogbo wa ló funfun. A ní Florence Mọ́tò, ẹni tí mọ́tò kan gbá lọ́dún 1983, tó jẹ́ pé mọ́tò yẹn ló ṣèṣe jù. Èmi ni Florence Kìíní. Èmi fúnra mi ni mo fún ara mi ní oyè náà, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni kó fọwọ́ sí i.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́dún 1958, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kì í gba ọmọ tí kò bá ní orúkọ ìrìbọmi. Bàbá Kátíkíìsì wa kó gbogbo àwa ọmọbìnrin jọ lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó tò wá sórí bẹ́ǹṣì. Gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì kìíní di Florence. Bẹ́ǹṣì kejì di Comfort. Bẹ́ǹṣì kẹta di Victoria. Ojú bàbá náà ti ń ṣe bàìbàì nígbà yẹn, kò yẹ ojú ẹnikẹ́ni wò, bẹ́ǹṣì ló ń kà. Èmi ni mo jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì kìíní, orí mi ni omi kọ́kọ́ kàn. Ta ló tún fẹ́ bá mi du ipò kìíní?

Ohun tó ń dùn mí ni pé orúkọ náà ń kú lọ. Àwọn Victoria ń tún ara wọn bí káàkiri, gbogbo ilé ni Victoria kékeré wà. Ta ni ń sọ ọmọ ní Florence mọ́? Méjì nínú wa la sin lọ́dún tó kọjá nìkan. Mo bí ọmọ mẹ́rin, mo ní ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, kò sí ẹyọ kan tó jẹ́ orúkọ mi. Nígbà tí Bímpé, ìyàwó ọmọ mi Máyọ̀wá, wá bí ọmọbìnrin sí Ìdó lóṣù tó kọjá, mo ti pinnu pé èyí ni tèmi. Àbíkẹ́yìn ni Máyọ̀wá, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ti sọ pé àwọn ò bímọ mọ́. Bí kì í bá ṣe ọmọ yìí, kò sí òmíràn mọ́.

Mo bá wọn ní ilé wọn ní Ọ̀yẹ́, níbi tí Bímpé ti ń ṣe olùkọ́ ní yunifásítì. Mo gbé ọmọ sórí itan, mo ní, "Florence, ìyá rẹ kò tíì fún ọ lọ́mú."

Bímpé bú sẹ́rìn-ín. "Florence kẹ̀, Màámi? Ẹ jọ̀ọ́. Orúkọ àwọn ìyá àgbà nìyẹn. Bó bá dé jẹ́lé-ó-sinmi, àwọn ọmọ yòókù á máa kúnlẹ̀ kí i."

Mo wo Máyọ̀wá. Ó ń wo àjà. Ọmọ tí mo fi oṣù mẹ́sàn-án gbé nìyẹn.

"Kí ló burú nínú orúkọ mi?" Ohùn mi ti ń lọ sókè. "Gbogbo àgbáyé ló ń jẹ́ ẹ."

N kò mọ̀ bóyá gbogbo àgbáyé ń jẹ́ ẹ. Inú ló ń bí mi. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni Bímpé, kò sí ohun tí ẹ máa sọ fún un tí kò ní lọ wò. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ó ní èdè Látìn ni orúkọ náà ti wá, pé ẹni tó ń tanná bí òdòdó ló túmọ̀ sí. Mo mi orí, mo ní ṣé o ti gbọ́. Ó ní nọ́ọ̀sì òyìnbó kan tó ń gbé àtùpà yẹ àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ wò ló sọ ọ́ di orúkọ tó gbajúmọ̀ káàkiri. Mo tún mi orí.

"Ṣùgbọ́n Màámi, ẹ gbọ́ ìdí tí wọ́n fi sọ nọ́ọ̀sì náà bẹ́ẹ̀. Ìlú kan wà ní Ítálì tó ń jẹ́ Florence. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí."

"Ìlú?"

"Ìlú. Wọ́n bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà sí ìlú mìíràn, orúkọ ìlú yẹn ni wọ́n fi sọ òun náà."

Ọ̀rọ̀ yìí tán mi lókun díẹ̀. Ṣé àwọn òbí yẹn ò lè jókòó ronú ni? Ṣé kí n bímọ sí Ìfisìn, kí n sì máa pè é ní Ìfisìn? Kí ni n bá wá pe Máyọ̀wá, tó jẹ́ pé inú takisí ni mo bí i sí, láàárín Ùsì àti Ìdó?

Bímpé ò dákẹ́. Ó ní Fiorenza ni àwọn ará Ítálì ń pè é, Florencia ni ti Sípéènì, Florentyna ni ti Póláǹdì. Ó ní láyé àtijọ́, ọkùnrin pàápàá máa ń jẹ́ ẹ, àti pé títí dé ayé àwọn bàbá-bàbá wa ni wọ́n ṣì ń sọ ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní Ireland.

"Ọkùnrin wo?"

"Ọkùnrin onírùngbọ̀n, Màámi."

Mo rántí Florence Mọ́tò, tí irun mẹ́ta wà ní àgbọ̀n rẹ̀, mo bá pa ẹnu mi mọ́.

Nígbà tó rí i pé ojú mi ti rẹ̀wẹ̀sì, ó fi fóònù sílẹ̀, ó sì fọwọ́ kàn mí léjìká. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó ní, "Màámi, mi ò kọ orúkọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé bí a bá ń sọmọ lórúkọ, ẹni tó bá mú orúkọ wá gbọ́dọ̀ dìde kó sọ ìdí rẹ̀. Bàbá mi ń bọ̀ láti Ìkọ̀lé, wọ́n á béèrè. 'Bẹ́ǹṣì kìíní' kì í ṣe ìdí. Bí ẹ bá rí ìdí tó tẹ́ wọn lọ́rùn, Florence ni ọmọ yín."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ọ́fíìsì ìjọ wa ní Ùsì lọ́jọ́ kejì. Mo ní Bàbá Kátíkíìsì á ti kọ nǹkan sílẹ̀ níbì kan, àwọn èèyàn ìgbà yẹn fẹ́ràn ìwé kíkọ. Ọpẹ́olúwa, akọ̀wé ìjọ, gbé ìwé ìrìbọmi jáde láti inú àpótí. Kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀. Ó ní ó tó ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni ti béèrè rẹ̀ gbẹ̀yìn. A wá 1958, a rí i. Bàbá Kátíkíìsì ti kọ orúkọ gbogbo wa sílẹ̀ láti ọjọ́ Sátidé, bẹ́ǹṣì kan tẹ̀ lé èkejì, bó ṣe fẹ́ kí a jókòó.

Ọpẹ́olúwa fi ìka sórí ìlà kìíní. "Florence nìyí, Màmá. Àbẹ̀ní, ọmọ Fátùnlá. Ó kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: 'Bàbá ọmọ yìí bẹ̀ mí fún orúkọ yìí, nítorí òun ni orúkọ nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ kò fi kú. Orúkọ náà wù mí, mo fún gbogbo bẹ́ǹṣì náà.'"

"Èmi dà?"

Ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. "Dúpẹ́, ọmọ Akínwálé. Bẹ́ǹṣì kejì. Comfort ni yín, Màmá."

Mo jókòó. Kì í ṣe pé ó sọ fún mi pé kí n jókòó.

Àbẹ̀ní ni ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Ìlú Orin ló ń gbé, ibẹ̀ ló lọ́kọ sí. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n sí Comfort, àní, èmi ni mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mo fi ń sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ kò dùn létí, pé ó dà bí orúkọ mátírẹ́ẹ̀sì. Àṣé bàbá rẹ̀ ni orísun gbogbo Florence Ùsì, Ẹlẹ́pà àti Mọ́tò pẹ̀lú wọn, òun nìkan ni kò sì jẹ́ ẹ.

Mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ibi tí mo jókòó sí yẹn ni mo ti rántí gbogbo rẹ̀. Àlùfáà kan wá láti Adó lọ́jọ́ náà, ó gbé páálí bisikíìtì dání. Mo ti rí i lọ́dún tó ṣáájú pé iwájú ni wọ́n ti ń pín in, kì í sì í dé ẹ̀yìn. Àbẹ̀ní wà níwájú, ẹ̀rù omi ń bà á, ó ń gbọ̀n. Mo súnmọ́ ọn, mo ní, "Lọ jókòó síbi tèmi, èmi á gba omi náà fún ọ." Ó lọ. Mo gba omi, mo gba bisikíìtì, mo gba orúkọ. Bisikíìtì náà tán kó tó dé bẹ́ǹṣì kejì.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Orin lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo bá Àbẹ̀ní níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Mo sọ ohun tí mo rí nínú ìwé fún un. Kò tilẹ̀ dá ọ̀bẹ dúró.

"Ṣé ohun tó gbé ọ kúrò li ulé rẹ nìyẹn? Láti ùgbà kékeré ni mo ti mọ̀. Bàbá mi fẹ́ lọ bá Kátíkíìsì kó tún un ṣe, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sílẹ̀."

"Kí ló dé?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í léèrè ìdí tí òjò fi ń rọ̀. "Dúpẹ́, ìwọ lo gba omi fún mi. Kò sẹ́ni tó tún ṣe irú rẹ̀ fún mi láyé yìí, àti ọkọ àti ọmọ. Bí orúkọ bá wù ọ́, ṣé n ó wá gbà á lọ́wọ́ rẹ?"

Ẹ gbọ́, mo la ẹnu láti sọ nípa bisikíìtì. Ohun tó jáde ni pé kó wá sí Ọ̀yẹ́ lọ́jọ́ ìkómọ, kó bá mi sọ ìdí orúkọ náà, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìdí wà. Ó ní òun á wá. Ó tún fún mi ní iṣu méjì. Mo gbé iṣu náà lé itan lórí ọ̀kadà, ojú ń tì mí títí mo fi délé.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ilé Máyọ̀wá kún. Wọ́n ti fi oyin àti iyọ̀ kan ọmọ lẹ́nu. Bàbá Bímpé ti sọ ọ́ ní Olúwatóbilọ́ba, ó sì ti ṣàlàyé títí tí ẹsẹ̀ fi ń ro wá. Ó wá yíjú sí mi. "Ìyá ọkọ, a gbọ́ pé ẹ̀yin náà mú orúkọ wá. Kí ni, kí sì ni ìdí rẹ̀?"

Mo dìde. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀, tó dára gan-an, nípa òdòdó àti nọ́ọ̀sì àti Ítálì. Mo wo Àbẹ̀ní. Ó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá nítòsí ilẹ̀kùn, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì mi orí pé kí n máa bá a lọ. Ìdùnnú wà lójú rẹ̀, èmi ló ń bá yọ̀. Kò ṣeé fara dà.

"Florence ni orúkọ náà," mo ní. "Kì í ṣe tèmi. Mo jí i ni."

Máyọ̀wá ní, "Màámi!"

"Dákẹ́. Obìnrin tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn ló ni ín. Ó rò pé mo gba omi fún òun nítorí pé mo fẹ́ràn òun. Àbẹ̀ní, irọ́ ni. Torí bisikíìtì ni mo ṣe lọ síwájú. Gbogbo ohun tí o fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi látọjọ́ yìí, bisikíìtì ni."

Ojú Àbẹ̀ní kò yẹ̀ lára mi.

"Mélòó ni wọ́n fún ọ?"

"Méjì."

"Ṣé tèmi wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀. Mo jẹ ẹ́."

Ó dìde, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Mo rò pé yóò gbá mi létí, mo sì ti dúró dè é. Ó kọjá lára mi, ó na ọwọ́ sí Bímpé, Bímpé sì gbé ọmọ fún un. Ó sọ fún bàbá Ìkọ̀lé nípa ìyá rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta tó fi rọbí, àti nọ́ọ̀sì tí kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá náà ní ìdí nìyẹn, ó ní kí ó pe ọmọ. Àbẹ̀ní fi ẹnu sún mọ́ etí ọmọ náà, ó ní, "Florence." Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí mi. "Ìwọ, o máa ra bisikíìtì fún mi. Páálí kan gbáko." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, pé kò ká a lára tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án, a jọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò wọn, à ń jẹun. Ọmọ bú sẹ́kún nínú yàrá. Bímpé kígbe láti inú ilé, "Florence! Florence o!"

Mo la ẹnu láti dáhùn, bí ìṣe mi.

Àbẹ̀ní ti dáhùn kí n tó yanu. "Oo," ló wí, sókè, tayọ̀tayọ̀, bí ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n pè nílé ẹ̀kọ́. Bó ṣe gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu, ojú tì í.

Mo fi ojú mi sínú abọ́. Mo jẹ ẹran mi, n kò sì dáhùn.