Mo Ń Ronú, Ẹ Má Kan Ilẹ̀kùn

4.

…tí Alhaja Ṣàkírát, ìyá onílé wa, fi gbé kúlà móínmóín wọ ṣọ́ọ̀bù mi, tí wọ́n dì mọ́ mi, tí wọ́n ní kí n má sunkún mọ́.

Mi ò sunkún o.

Ẹ dúró ná. Mo ti ń sáré ju ọ̀rọ̀ lọ.

1.

Èmi ni Nùsírátù. Télọ̀. Ẹ̀gbẹ́dá. Tí ẹ bá ti gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń pariwo "Àǹtí Nùsí, ṣé ó ti ṣe tán?", ẹ ti dé.

*WhatsApp, Mọ́ńdè:*

RICHARD (ilé ìwé kan ní Ìgàndó): Ẹ káàárọ̀ mà. A fẹ́ kí ẹ máa rán yunifọ́ọ̀mù gbogbo ọmọ ilé ìwé wa. Àmọ́ tiwa nìkan o, ẹ ò ní gba iṣẹ́ ẹlòmíì mọ́. Ẹ fún wa lésì tó bá di Fúráìdè.

Tiwa nìkan.

2.

Àyè tí mo rí fi rò ó:

Túsìdè. Síìpù ẹnì kan já.

Wẹ́sìdè. Ọkọ ìyàwó kan ti sanra.

Tọ́sìdè, àárọ̀. Mo jókòó. Mo ní, "Nùsírátù, tí o bá gbà á—"

"Àǹtí Nùsí, ṣé ó ti ṣe tán?"

3.

═══════════════════
MO Ń RONÚ.
Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ KAN ILẸ̀KÙN.
═══════════════════

Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn fúnra mi. Mi ò kọ ọ́ lóyìnbó, mo ní Yorùbá ló máa yé wọn.

Ó yé wọn. Ó yé wọn ju bó ṣe yẹ lọ.

4, lẹ́ẹ̀kan sí i.

ALHAJA: Ta ló kú?

ÈMI: Kò sẹ́ni tó kú, mà.

ALHAJA: Fawas ti fẹ́yàwó míì?

ÈMI: Rárá o!

ALHAJA: Kí lo wá ń rò?

ÈMI: Iṣẹ́ mi ni, mà. Mo kàn fẹ́ fara balẹ̀ rò ó.

ALHAJA: Bí wọ́n ṣe máa ń sọ nìyẹn. Jẹ móínmóín.

SIMEON (tó ń gẹrun ní ṣọ́ọ̀bù kejì, kílípà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀): Àǹtí, a ò ní dá yín dá a o!

KỌ́SÍTỌ́MÀ SIMEON (wọ́n ti gẹ apá kan orí ẹ̀, ó ku ìkejì): Ẹ má ronú mọ́, mà. Ó ti tán.

5.

*Fawas, ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn:*

Wọ́n ní o ń ronú. Kí ni mo ṣe?

Ohun yòówù kó jẹ́, má bínú.

Ṣé ti jẹnẹrétọ̀ yẹn ni?

*(Mi ò mọ nǹkan kan nípa jẹnẹrétọ̀ kankan. Tó bá délé, á ṣàlàyé ẹ̀ fún mi.)*

6.

Simeon ní kí n pààrọ̀ ohun tí mo kọ. A yẹ̀ ẹ́ wò:

"Mo ń sùn." Wọ́n á jí mi.

"Mo ń jẹun." Wọ́n á fọwọ́ wọn.

"Mo ń kírun." Kò sẹ́ni tó máa kanlẹ̀kùn. Àmọ́ Ọlọ́run náà mọ̀wé kà, jàre.

7.

Wọ́n ń jẹ móínmóín tí wọ́n fi ń pẹ̀tù sí mi nínú. Wọ́n ń sọ̀rọ̀.

ALHAJA: Ìró ẹ̀rọ ẹ ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

SIMEON: Àwọn tó ń dúró de aṣọ lọ́dọ̀ yín ló ń gẹrun lọ́dọ̀ mi. Tí ẹ ò bá sí, orí ta ni màá gẹ̀?

Mi ò rò ó débẹ̀ rí.

Tiwa nìkan. Àwọn wo gan-an wá ni "tiwa"?

7½.

Àmọ́ yunifọ́ọ̀mù kì í sanra, ẹ gbọ́. Kì í pariwo.

8.

Fúráìdè. Wọ́n ní kí n kúkú rò ó tán. Àwọn fúnra wọn ló tilẹ̀kùn mọ́ mi. Alhaja gbé àga sẹ́nu ọ̀nà. Simeon gba fóònù mi, ó wá ń kígbe tí wọ́n ń gbọ́ dé Ṣàṣà:

Ẹ DÁKẸ́! ÀǸTÍ Ń RONÚ!

9.

*Mo gbọ́ ọ látẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Simeon ti tẹ sípíkà.*

RICHARD: Ẹ káàsán o. Èsì Àǹtí Nùsí la ń retí.

SIMEON: Ẹ má bínú, sà. Wọ́n ń ronú.

RICHARD: Háà! Kí ló ṣẹlẹ̀?

SIMEON: Sà… wọ́n ṣáà ń ronú.

RICHARD: Kí Ọlọ́run tù wọ́n nínú o. Ẹ ní kí wọ́n má kánjú. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

ALHAJA: Àmín o!

10.

Simeon ò purọ́ o. Mo ń ronú lóòótọ́.

Ọlọ́run, mo dúpẹ́. Yorùbá, mo dúpẹ́. Alhaja, móínmóín yẹn dùn.

11.

Ẹ̀rọ dákẹ́. Mo jókòó.

"Nùsírátù, tí o bá gbà á—"

12.

Kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn.