Ẹ̀yìn Màmá Ọ̀mù

1.

…ọmọ ọlọ́mọ ni ó tún wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Fọláṣadé dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì iṣẹ́ ṣì wà léjìká rẹ̀. Oòrùn ti nà án láti Post Office títí dé ilé. Gbogbo ọ̀nà ni ó fi ń rò ó bí òun yóò ṣe bá Tóbilọ́ba, ọmọ òun, lẹ́yìn ìyá òun. Màsúdát ni ó bá níbẹ̀, ọmọ Naimat, aládùúgbò wọn ní fúláàtì ọ̀ọ́kán. Ọmọ náà ti sùn fọnfọn. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Itọ́ rẹ̀ ti ya àwòrán sára bùbá ìyá àgbà.

Tóbilọ́ba wà lórí ẹní. Ó ń fi ìdérí agolo mílíìkì gbá ilẹ̀ pàà, pàà. Ó sanra. Ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tó ṣe é.

Ìyẹn gan-an ni ó dun Fọláṣadé jù. Kò rí ibi tí yóò ti mú ẹ̀sùn.

"O káàbọ̀, Ṣadé," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó rọ ohùn sílẹ̀ kí ọmọ má baà jí.

Ọmọ wo?


2.

Lára ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn tó wà láàárín ẹsítéètì ìjọba náà:

ÌKÉDE
ILÉ ÌTỌ́JÚ ỌMỌDÉ FÚN ÀWỌN ARÁ ẸSÍTÉÈTÌ
YÓÒ ṢÍ LÁÌPẸ́

Àwọn kan ní ọdún 1989 ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Rárá. Ó ti wà níbẹ̀ kí Fọláṣadé àti Kọ́lápọ̀ ọkọ rẹ̀ tó gba kọ́kọ́rọ́ fúláàtì wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣẹlẹ̀, oòrùn ti jẹ ẹ́ kù báyìí:

     YÓÒ ṢÍ

Inú gbọ̀ngàn: sìmẹ́ǹtì tó ti gan mọ́nú àpò. Ewúrẹ́. Àga kéékèèké tí ìdí ọmọ kankan kò tíì kàn rí.


3.

Ibi tí obìnrin òṣìṣẹ́ lè gbé ọmọ rẹ̀ sí ní Ìlọrin nígbà náà, bí Fọláṣadé ṣe kà á fún ọkọ rẹ̀:

Tanke. Wọ́n ní ọmọ òṣìṣẹ́ yunifásítì nìkan.

Ìtòsí Post Office. Ilé tó mọ́ tónítóní, fáànù ń yí lókè. Bí ó bá gbé ọmọ síbẹ̀, kí ni yóò kù nínú owó oṣù rẹ̀ tí yóò fi bọ́ ọ bí ó bá gbé e délé?

Ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ Àìkú nìkan.

Ọmọ ọ̀dọ̀. Èyí tí wọ́n gbà ti bá awakọ̀ tírélà lọ. Wọ́n ní ó ti lóyún báyìí. Òun náà yóò wá ibi gbé e sí.

Ọ́fíìsì. "Mínísìrì lèyí, màdáámù, kì í ṣe ilé ìgbẹ̀bí."

Ọ̀mù-Àrán.


4.

Iṣẹ́ tí ó rán awakọ̀ Ọ̀mù-Àrán sí ìyá rẹ̀:

"Ẹ bá mi sọ fún Màámi pé ìsinmi ìbímọ mi ti ń tán lọ. Ẹ ní mo ní kí wọ́n gbà mí."

Èsì, láti ẹnu awakọ̀ kan náà:

"Wọ́n ní kí o fọkàn balẹ̀. Wọ́n ní kí o má ra bẹ́ẹ̀dì o, ẹní ni wọ́n máa ń sùn lé. Wọ́n ní ẹ̀yìn ti ń yún wọn."

Fọláṣadé ń rẹ́rìn-ín nìkan nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà. Ẹ̀yìn ń yún Màámi nítorí ọmọ òun.


5.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni. Fọláṣadé wà ní yàrá, ó ń kun àtíkè. Ó gbọ́:

NAIMAT: Àsàlámù àlékùm, Màmá. Ẹ jí ire?

ÌYÁ ÀGBÀ: A dúpẹ́, ọmọ mi. Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ yẹn, ẹyẹlé?

NAIMAT: (ẹ̀rín) Ọmọ ni, Màmá. Kò pé oṣù kó tó dé. Màsúdát lorúkọ rẹ̀.

ÌYÁ ÀGBÀ: Háà. Ó kánjú wá jẹun.

NAIMAT: Èmi ni mò ń dáná fún àwọn ọmọ iléèwé tó ń gbé bọ́dìnháọ̀sì. Bí n ò bá dé ibẹ̀ kí wọ́n tó jí, wọn á gba ẹlòmíràn. Gàní, bàbá rẹ̀, ti wa lọ́rì lọ sí Kàdúná. Òní nìkan, Màmá. Wàláhi.

ÌYÁ ÀGBÀ: Òní nìkan kẹ̀. Gbé e lé mi lẹ́yìn.

Òní nìkan. Ọ̀la nìkan. Kò pẹ́ tí Talatu, tó ń ta ọkà bàbà ní ọjà Ìpàta, fi gbé Danjuma tirẹ̀ dé, ọmọ tó ń sáré kiri bí ewúrẹ́ tó já okùn. Talatu kò tilẹ̀ ṣe wàhálà "òní nìkan". Ó ní, "Màámá, ẹ gba ọmọ yín," ó sì ti dé títì.

Bí ìyá àgbà ṣe di Màmá Ọ̀mù fún gbogbo ẹsítéètì nìyẹn. Fọláṣadé nìkan ni ó ń pè é ní Màámi. Ó rò pé ìyẹn yóò tó òun.


6.

Ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni Màmá Ọ̀mù ní.


7.

Ohun tí Fọláṣadé ń rí, nígbà tó yẹ kó gbójú kúrò:

Pé bí Màámi bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀, ó máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìdí Màsúdát lẹ́yìn, bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹni pé ó lè fò lọ.

Pé ìlà aṣọ ìyá àgbà ti tẹ̀ mọ́ ọmọ náà lẹ́rẹ̀kẹ́, ó dà bí ilà ìdílé tí wọ́n kọ sí i lójú.

Pé Màámi ní orin kan. Ohùn Ọ̀mù ni, orin jẹ́ẹ́jẹ́ tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀ bí ẹni ń gba òkè. Fọláṣadé dúró sí kíṣìnì, ó ń fọ ìrẹsì tó ti mọ́ tipẹ́, ó ń wá orin náà nínú orí ara rẹ̀. Ó wá a dé ìsàlẹ̀. Kò bá a níbẹ̀.

Ọmọ jòjòló, ìka rẹ̀ kò tó igi ìṣáná. Òun ni obìnrin tó kàwé bíi Fọláṣadé ń jowú.


8.

Kánò.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n já Fọláṣadé lẹ́nu ọmú ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin mú un lọ sí Kánò láti tọ́ ọ. Obìnrin náà kò bímọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Kò sẹ́ni tó kà á sí ìkà. Ó tọ́ ọ dáadáa. Ó fi aṣọ wọ̀ ọ́, ó fi ìwé kọ́ ọ.

Nígbà tí ó padà sí Ọ̀mù-Àrán láti wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ó kúnlẹ̀ nínú ọgbà, ó ní, "Ẹ káàsán, mà." Obìnrin kan dá a lóhùn. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ nìyẹn.

Ẹnìkan sọ pé ìyá náà bú sẹ́kún. Ẹlòmíràn sọ pé ó ń rẹ́ ilá, kò sì dá ọwọ́ dúró.

Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ méjèèjì.


9.

Ìrọ̀lẹ́. Naimat ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmọ rẹ̀ lọ.

FỌLÁṢADÉ: Màámi, nítorí ta lẹ ṣe wá sí Ìlọrin?

ÌYÁ: Kí ló dé? Ṣé Tóbi kò jẹun ni?

FỌLÁṢADÉ: Mo bi yín ni.

ÌYÁ: Ọmọ rẹ ti ń dìde dúró, Ṣadé. Ilẹ̀ gbà á. Ti Naimat ni ara rẹ̀ ń tutù bí mo bá ti sọ ọ́ kalẹ̀.

FỌLÁṢADÉ: Ọmọ yín kọ́.

ÌYÁ: Rárá. Ọmọ mi kọ́.

FỌLÁṢADÉ: Orin tí ẹ ń kọ fún un yẹn, ẹ kọ ọ́ fún mi rí?

ÌYÁ: (Ó gbé ẹní, ó gbọn eruku rẹ̀ nù.)

FỌLÁṢADÉ: Ẹ pọ̀n mí rí, Màámi? Èmi ò rántí.

ÌYÁ: Mo pọ̀n ọ́. Kò pẹ́ ni. Àbúrò rẹ dé, ara rẹ̀ kò le. Ẹ̀yìn mi ló ń sùn, ẹ̀yìn mi ló ń jí. Ìwọ le koko, o ti ń rìn. Nígbà tí wọ́n wá ní kí n fún àwọn lọ́mọ tọ́…

FỌLÁṢADÉ: Ẹ fún wọn ní èyí tó le.

ÌYÁ: Mo fún wọn ní èyí tí kò ní kú sọ́nà.

FỌLÁṢADÉ: Àbúrò náà ńkọ́? Ṣé ó wá dàgbà?

ÌYÁ: Kò dàgbà, Ṣadé.

FỌLÁṢADÉ: Tóbi náà le. Ó ti yé mi.


10.

Ìwé tí Fọláṣadé kọ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá ọmọ, Màámi ti dàgbà, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, ẹ —————

(Ó fa igi sí i. Ẹ̀yìn kò dun Màámi rí.)

Ìjọba kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa kó ọmọ jọ sínú fúláàtì, nítorí náà —————

(Ó fa igi sí i. Ìjọba kò mọ̀ pé wọ́n ń bímọ rárá.)

KÒ SÍ ÀYÈ.

Èyí ni ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn.


11.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìta:

TALATU: Kí ni pépà yìí wí?

NAIMAT: Ó ní kò sí àyè.

TALATU: Haba! Àyè wo? Ṣé ràkúnmí ni mo gbé wá?

NAIMAT: Ìyá Tóbi! Ìwọ lo kọ ọ́?

FỌLÁṢADÉ: (láti inú ilé) Ojú rẹ ríran, àbí?

NAIMAT: Ó ríran dáadáa. Ó ti ń rí ọ tipẹ́. Owú lò ń jẹ. Ẹni ó ní ìyá nílé, tó ń bá ọmọ tí kò tíì héyín du ẹ̀yìn!

TALATU: Jẹ́ kí n kan ilẹ̀kùn. Bí Màámá bá gbọ́ ohùn mi…

NAIMAT: Fi í lẹ̀. Ìyá ẹ̀ ni. Màmá o! Ó dàbọ̀ o!

Màmá Ọ̀mù wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fọ aṣọ ìdí ọmọ. Kò gbọ́. Fọláṣadé mọ̀ pé kò gbọ́.


12.

Ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó tètè wálé. Ó fẹ́ rí i.

Tóbilọ́ba wà lẹ́yìn Màámi.

Ó ń ké. Ó ń fẹsẹ̀ gbá ìyá àgbà níbàdí, ó ń nawọ́ sí ilẹ̀, síbi tí Danjuma máa ń jókòó. Màámi ń mì í, kò kọrin.

"Ṣé ó tó báyìí?" ni ìyá rẹ̀ bi í. Kò fi bú u. Ó ń béèrè ni, bí ẹni ń bu omi fún àlejò.


13.

Àwọn kan ní ìyá àti ọmọ jà. Wọn kò jà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Naimat gbé Màsúdát lọ sídìí iná ọmọ iléèwé, èéfín sì wọ ọmọ náà láyà. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti ọ̀ọ́kán. Ikọ́ kékeré ni. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, tí kò fẹ́ kí wọ́n bínú.

Màmá Ọ̀mù ká ẹní rẹ̀. Ó wé gèlè. Ó fẹnu kan Tóbilọ́ba lórí.

"Ṣadé, ó dàárọ̀," ni ó wí.

Ó sọdá.


14.

Ní ìdí ẹ̀rọ omi:

"Ìyá àgbà ti kó lọ sí ọ̀ọ́kán o."

"Ilé Naimat? Ṣebí ẹlẹ́sìn Jésù ni ìyá àgbà?"

"Òun ló ń jí wọn fún ìrun àárọ̀. Wọ́n á kírun tiwọn, òun á kọrin tirẹ̀. Wọ́n á wá jọ mu ẹ̀kọ."

"Ta ní wá ń bá Ìyá Tóbi mú ọmọ?"

"Kò sí àyè!"

(Ẹ̀rín. Ẹnìkan da omi nù.)


15.

Láti ọ́fíìsì, ìwé tí wọ́n fi sórí tábìlì rẹ̀:

A tún bá ọmọ lábẹ́ tábìlì rẹ ní wákàtí iṣẹ́. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Láti Kàíámà, níbi tí wọ́n gbé Kọ́lápọ̀ lọ láti máa ṣe tíṣà:

Ṣadé mi, mo ti gbọ́. Bí iṣẹ́ rẹ bá bọ́, wọn á gba fúláàtì, orúkọ rẹ ni ó wà lórí rẹ̀. Lọ bẹ Màmá. Ọ̀ọ́kán kò jìnnà.

Kọ́lápọ̀ kò mọ̀. Kò sí ibi tó jìnnà tó ọ̀ọ́kán.


16.

Eruku ọ́fíìsì ti mú Tóbilọ́ba. Ó jí pẹ̀lú ara gbígbóná. Kò gbá ilẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé orí lé ìyá rẹ̀ léjìká.

Ẹnu ọ̀nà Naimat. Àwọn obìnrin ti tò síbẹ̀, àwọn mìíràn láti búlọ́ọ̀kù tí Fọláṣadé kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó tò sẹ́yìn wọn.

TALATU: Ẹ wo ẹni tó dé. Ìyá Tóbi, àyè wà?

Fọláṣadé tún ọmọ gbé léjìká.

NAIMAT: Talatu, ó tó. Ọmọ rẹ̀ ń gbóná, ṣé o kò rí i ni? Kọjá síwájú, Ìyá Tóbi. Ti tèmi wà lórí ẹní lónìí, ikọ́ ti fi í lẹ̀.

Ó kọjá síwájú. Inú rẹ̀ kò dùn sí àánú náà. Ó gbà á.

Màmá Ọ̀mù jáde. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn Tóbilọ́ba. Kò wo ojú Fọláṣadé. Ó tú ìró ọmọ tó wà ní ìbàdí rẹ̀. Ó yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, ó dúró dè é.

Ẹ̀yìn náà ló wà níwájú rẹ̀ yìí. Ó fẹ̀ ju bí ó ṣe rò lọ. Bùbá náà ti gbó ní àárín.

Bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ fọn fèrè ní títì.

Fọláṣadé gbé ọmọ mọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ kan. Ó na ọwọ́ kejì. Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ lé ibẹ̀, ó sì fi í síbẹ̀. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́.

Bọ́ọ̀sì tún fọn fèrè.

"Ṣé ó ti wà níbẹ̀?" ni Màámi béèrè, orí rẹ̀ ṣì kọ ilẹ̀.

Fọláṣadé kò tíì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò…