Ọmọ Ẹja Inú Abọ́ Ìsọmọlórúkọ

Bísí ọ̀rẹ́ mi, àlá tí mo lá mọ́jú òní ṣì ń korò lẹ́nu mi. O mọ̀ pé ọkọ mi ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ nínú àpótí gíláàsì fún títà. Irú méjì tó jọra wà níbẹ̀. Ó ní kí n má dà wọ́n pọ̀ láé, wọ́n á gun ara wọn, kò sì sẹ́ni tó ń ra ọmọ àdàlù.

Lójú àlá, mo ti dà wọ́n pọ̀. Ọmọ wọn kún inú abọ́ omi tí a fi sọ ọmọ mi lórúkọ. Ìyá ọkọ mi, tó kọ̀ tí kò fún ọmọ náà lórúkọ torí pé Ègùn ni mí, ń fi fìlà ọmọ mi gbọ́n wọn dà sí gọ́tà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹja ṣáà ni wọ́n!"

"Ẹja ìlú wo?"

Ọ̀kan nínú ọmọ ẹja náà wò mí. Ojú ọmọ mi ni. Mo fẹ́ pè é, n kò rántí ọ̀kankan nínú orúkọ rẹ̀.

Mo jí, mo gbá ọmọ mi mọ́ra. Mo rọ́ àlá náà fún ọkọ mi láàárọ̀.

"Ìyá Tọ́lá, ẹja lásán ni."

Kò gbójú sókè. Inú omi ló ti ń ṣa àwọn ẹja tí kò wù ú dànù.