Ẹlẹ́rù Kì í Kúnlẹ̀

Àlá tí mo lá lóru àná, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Ẹ jókòó, ẹ̀yin aláwàdà ẹgbẹ́ mi. Bándélé, má tíì rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà wà nínú rẹ̀, o ò sì wọ ṣòkòtò.

Mo rí i pé gbogbo àwa ará Ìdí-Asálà tí ogun lé jáde nílé ń rìn lójú ọ̀nà. Ẹ mọ̀ pé nígbà tí ogun wọ̀lú lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ráyè mú abẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójú àlá: ọwọ́ òfo, orí òfo. Mo ti fi ẹfun kun ojú, mo sì ti fi imú pupa tí mo fi ń ṣeré sí imú, ṣùgbọ́n n kò rántí ẹni tí mo fẹ́ ṣeré fún. Imú pupa náà ní, "Àwẹ̀ró, ṣé o ti jẹun?" Mo ní n kò tíì jẹun. Ó ní òun náà ò tíì jẹun. À ń bá ọ̀nà lọ.

Ọ̀nà di odò, odò di àkàbà. Nígbà tí gbogbo wa gun àkàbà dé òkè, ọ́fíìsì kan ló léfòó níbẹ̀ lójú ọ̀run, tòun ti páànù orí rẹ̀ àti ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀gágun kan jókòó nídìí tábìlì, àmì ẹ̀yẹ kún àyà rẹ̀ títí dé ikùn. N kò tilẹ̀ bi ara mi pé kí ló gbé ọ́fíìsì dúró sókè. Mo ti rí ọ́fíìsì tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ayé.

Ó ní, "Orúkọ?"

"Àwẹ̀ró."

"Ìlú?"

"Ìdí-Asálà."

Ó ṣí ìwé ńlá kan, ó wò ó, ó pa á dé. "Kò sí ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. A ti sun ún, a sì ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé. Gbogbo yín, ẹ kúnlẹ̀. Ẹ sọ pé ẹ ò nílùú rí, kí n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n bu ìrẹsì fún yín."

Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí. Ìlú tí wọ́n sun lè tún hù padà. Ṣùgbọ́n ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ sẹ́, ta ni yóò tún padà síbẹ̀? Mo gbọ́ ìró orúnkún lẹ́yìn mi. Ebi ń pa àwọn èèyàn, wọ́n ti ń tẹ̀ ba.

Imú mi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó ní, "Iṣẹ́ wo lo kọ́?"

Eré tiwa kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu, ara la fi ń sọ ọ́. Mo wá ká aṣọ tí kò sí, mo fi ṣe òṣùká, mo gbé e lórí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ ilé bàbá mi, mo gbé e rù: yàrá mẹ́fà, kànga ẹ̀yìnkùlé, adìẹ tó ń sàba lábẹ́ àjà. Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n, ọrùn mi rì.

Ọ̀gágun ní, "Mo ní kí o kúnlẹ̀."

"Ẹ má bínú, sà. Ẹrù wà lórí mi."

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Bó ti wù kí àgbà tóbi tó, kò jẹ́ ní kí ẹni tó ru ẹrù kúnlẹ̀ kí òun. Ẹnu nìkan lẹlẹ́rù fi ń kí èèyàn. Ìyá Ọ̀gágun náà ti kọ́ ọ. Ó họ orí, ó ní, "Ẹrù náà dà?"

"Ẹ rọra, sà, páànù ilé bàbá mi á gún yín lójú."

Bándélé jáde láìsí ṣòkòtò. Ó gbé mọ́ṣáláṣí rù, ó tún ní kí n bá òun gbé ṣọ́ọ̀ṣì lé e, kí ìkan má bàa bínú. Làbí alágbẹ̀dẹ gbé àgbẹ̀dẹ rẹ̀ rù. Màmá Ẹ̀bùn ru sàréè ọkọ rẹ̀, ó sì rọra ń gbé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ìyẹn dùn mí wọra. Mo sunkún títí ẹfun fi ṣàn wọ̀ mí lẹ́nu. Kò sí orúnkún kan tó kanlẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ẹrù pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Ọ̀gágun ní kí ọmọ ogun rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yìnbọn. Ìbọn húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní wọn ò kọ́ òun ní irú ìwàkiwà bẹ́ẹ̀, òun kì í yìn mọ́ ẹlẹ́rù. Òǹtẹ̀ bú sẹ́kún lórí tábìlì. Ó ní, "Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń gbá ojú mi mọ́ ìwé. Ẹ gbé mi dání." Mo ní kó gun orí páànù.

Ọ̀gágun fúnra rẹ̀ wá na ọwọ́ sí ilé bàbá mi kó lè fà á lulẹ̀. Ilé náà wúwo jù ú lọ. Ó tẹ̀ ba, ó fọwọ́ tilẹ̀, ó di ewúrẹ́, àmì ẹ̀yẹ ń ró lọ́rùn rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Ewúrẹ́ yẹn ṣí ìwé ńlá, ó jẹ ojú ewé tí wọ́n ti pa orúkọ wa rẹ́, ó sì ní, "Mẹ̀ẹ́." Mo dáhùn pé, "Ẹ kú oúnjẹ, sà."

Ọ́fíìsì balẹ̀ sórí ilẹ̀ pupa. Mo rí igi asálà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ní kí n sáré, ni mo bá jí.

Ilẹ̀ ti mọ́ nínú kíláàsì tí à ń sùn yìí. Mo dìde dúró. Ọrùn ń ro mí, ọwọ́ mi méjèèjì sì wà lókè orí síbẹ̀. Ìyá Rẹ̀mí, ìyá àgbà tí ẹní rẹ̀ kangun sí tèmi, tí kò rẹ́rìn-ín sí eré wa rí, ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ó wò mí títí. Ó gbé àwo sílẹ̀, ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè orí mi.

Ó ní, "Bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ọmọ mi, jẹ́ n bá ọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà. Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀. A ò tíì délé."