Ríbọ́nì Búlúù ní Ọjọ́ Ìsinmi

Ríbọ́nì, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò lẹ́nu tí ń ròyìn. Ó wà lórí ọmọge, ó ní ẹ máa bọ̀. Ó wà lórí opó, ó ní ẹ dúró níbẹ̀.

Ní Kirkbrae, abúlé ahunṣọ tiwa, níbi tí òfì ti ń dún nínú ilé mẹ́ta nínú mẹ́rin, a kì í béèrè lọ́wọ́ obìnrin bóyá ó ti lọ́kọ. Orí rẹ̀ là ń wò. Wúńdíá a fi ríbọ́nì kan ṣoṣo di irun rẹ̀, kò ní bo orí. Lọ́jọ́ tó bá wọlé ọkọ ni yóò gbé mọ́ọ̀ṣì wọ̀, fìlà aṣọ ọ̀gbọ̀ funfun tí sítáàṣì mú gan bí páálí, kò sì ní ṣí i kúrò lórí níwájú àlejò mọ́ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Bí ọkọ bá kú, a rán ríbọ́nì dúdú fífẹ̀ mọ́ ọn láti etí dé etí. Ọkùnrin kan kì í dá ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sílẹ̀ níwájú ríbọ́nì dúdú. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni yóò tú u, nígbà tó bá wù ú, bí ó bá wù ú.

Ọdún méje ni Grizel Mathers ti fi wọ tirẹ̀. Òtútù àyà ló mú Wattie ọkọ rẹ̀ lọ. Kò fi ọmọ sílẹ̀. Ìyá tó bí i ló fi sílẹ̀, Eppie tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Eppie, arúgbó tí làkúrègbé ti so lẹ́sẹ̀ ṣùgbọ́n tí ahọ́n rẹ̀ ṣì ń sáré. Yàrá kan ni opó méjèèjì ń gbé. Grizel ń ká òwú fún àwọn ahunṣọ, wọ́n sì ń jẹ ẹ̀kọ óòtì wọn pẹ̀lú ọpẹ́. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé mi àti tiwọn, mi ò sì gbọ́ ariwo ìjà láti ọ̀dọ̀ wọn rí. Ọlọ́run ló ń fi irú rẹ̀ ta ènìyàn lọ́rẹ.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kẹfà, Grizel ń bọ̀ láti odò nígbà tí ojú ọ̀run ya. Òjò ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Ríbọ́nì dúdú náà, èyí tó rà ní ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ oníkiri, bẹ̀rẹ̀ sí í tú aró. Kí ó tó délé, mọ́ọ̀ṣì funfun ti rí tótòtó bí ẹyẹ ẹtù. Ó rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, ó ní ilẹ̀ á mọ́ bá a. Ilẹ̀ mọ́, mọ́ọ̀ṣì ò mọ́.

Ọ̀kan ṣoṣo tó kù nísàlẹ̀ àpótí ni èyí tó ń wọ̀ nígbà tí Wattie wà láyé, tó ní ríbọ́nì búlúù. Rírán ni wọ́n sì rán an mọ́ ọn, kì í ṣe dídì. Abẹ́rẹ́ àti sísọ́ọ̀sì kì í jáde lọ́jọ́ Ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá tú ojú abẹ́rẹ́ kan péré lọ́jọ́ náà, àwọn alàgbà á ránṣẹ́ pè é. Kí abilékọ wọ ṣọ́ọ̀ṣì láìbo orí ńkọ́? Ìyẹn ò tilẹ̀ ṣeé fẹnu sọ. Ọjọ́ Oúnjẹ Olúwa sì ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún, kò ṣeé jókòó sílé fún.

Ó bi Ìyá Eppie léèrè. Arúgbó náà wo fìlà náà pẹ́ títí láti orí ibùsùn, ó ní ènìyàn a máa wo ojú, ṣùgbọ́n Olúwa a máa wo ọkàn, kí ó máa lọ. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ògiri.

Mo jókòó lẹ́yìn Grizel lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe àgbọ́sọ. Gbogbo ọrùn ló yí. Dauvit Esplin, ahunṣọ tó ń ṣáájú orin, àpọ́n tí kò gbéyàwó rí tó ń dá gbé yàrá méjì, gbé Sáàmù sókè; ojú rẹ̀ bá búlúù pàdé, ó sì fi ohùn orin kan bẹ̀rẹ̀, ó fi òmíràn parí. Àlùfáà ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Grizel ṣàlàyé fún gbogbo ènìyàn pé òjò ni. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, òjò ni, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé ò tíì mọ́ tán tí Saunders Mollison tó ni ọlọ omi, tí ìyàwó rẹ̀ kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, fi gbé odidi wàràkàṣì kan wọlé. Ó jókòó, ó ń yin ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ títí omi tíì fi hó. Nígbà tó lọ, Ìyá Eppie ní kí Grizel ṣọ́ra, pé ríbọ́nì Perth ni baba ńlá ọkùnrin yẹn fi sọ́rùn kú. Okùn tí wọ́n fi ń so ọ̀daràn rọ̀ nílùú Perth ni àwọn ènìyàn wa ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ní àgùntàn ló jí, àgùntàn náà ò tiẹ̀ sanra. Grizel rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì rán mi kí n dá wàràkàṣì náà padà kí ọ̀bẹ tó kàn án, nítorí bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, oníbàtà wá láti wọn ẹsẹ̀ Grizel fún bàtà tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ rẹ̀.

Dauvit ò wá. Ọkùnrin tó ti ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn ní gbogbo ìgbà òtútù fún ọdún méje, tí kò sọ ju "Ẹ kú òtútù, aya Wattie" lọ, ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Ó rí wàràkàṣì nígbà tí Saunders gbé e wọlé. Nígbà tí mo gbé e jáde padà, Dauvit wà nídìí òfì rẹ̀, kò rí i.

Nídìí kànga ni Grizel ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ó ní bí òun bá rán dúdú padà, Dauvit ò ní lè lanu bá òun láéláé, nítorí ẹni tó bá tú u tó tún rán an ti ti ilẹ̀kùn ó sì ti sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Bí òun bá sì jẹ́ kí búlúù wà níbẹ̀, bí ẹni pé òun sọ fún Ìyá Eppie lójú pé a ti gbàgbé ọmọ rẹ̀ ni. Láti àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yẹn, arúgbó náà ò sì tíì fẹnu kan ọ̀rọ̀ fìlà.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo wọlé láti tọrọ iyọ̀. Grizel jókòó lójú fèrèsé, mọ́ọ̀ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ríbọ́nì dúdú tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti ki ẹnu sísọ́ọ̀sì bọ abẹ́ búlúù.

"Ta lò ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, Grizel?" Ìyá Eppie ló sọ̀rọ̀ láti orí ibùsùn.

"Ọmọ yín ni, Màmá."

"Ọmọ mi ti wà nínú ìsinmi Olúwa láti ọdún méje. Èmi lò ń ṣọ̀fọ̀ mi. Mi ò sì tíì kú."

Sísọ́ọ̀sì dúró. Grizel ní lọ́jọ́ Ìsinmi, Màmá kọjú sí ògiri. Arúgbó náà ní omijé ló ń bọ̀, òun ò sì fẹ́ kí Grizel rí i kó má baà jókòó sílé.

"Bí mo bá lọ, ta ni màá fi yín sílẹ̀ fún?"

"Ìyẹn, lọ bi ẹni tó ní yàrá méjì. Má bi mí."

Grizel ní kí n sin òun lọ, nítorí opó kì í dá wọlé àpọ́n. Ilẹ̀ ò tíì ṣú, òfì Dauvit ṣì ń dún. Nígbà tó rí wa, ó dá a dúró.

"Ẹ káàbọ̀, aya Wattie. Mo gbọ́ pé a máa tó bá yín yọ̀ nílé ọlọ."

"Wàràkàṣì náà ti padà sílé rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Ṣé ìyẹn ò dé etí yín ni?"

Kò dé etí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá ohun tí yóò dì mú lórí aṣọ tó ń hun.

"Ríbọ́nì tí ẹ rí lọ́jọ́ Ìsinmi, òjò ló fà á," Grizel ní. "Èyí tí ẹ máa rí lọ́la, èmi ni mo fà á. Ṣùgbọ́n mi ò dá wá o. Mọ́ọ̀ṣì méjì ni. Ẹni tó bá gba èmi ti gba Màmá."

Dauvit dìde. Ó mú ọ̀pá tó fi ń wọn aṣọ, ó wọ yàrá kejì lọ. A gbọ́ tí ó ń gbé àga, tí ó ń fi ọ̀pá kan ilẹ̀. Èmi àti Grizel wo ara wa.

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ?" Grizel ló ń bi í láti ẹnu ọ̀nà.

"Mo gbọ́." Inú yàrá ló ti ń dáhùn. "Ṣé ẹ̀gbẹ́ iná ni Màmá máa fẹ́ kí ibùsùn wọn wà, àbí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, Grizel?"

Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè é lórúkọ nìyẹn. Grizel jókòó lórí àpótí òwú, ó sì ní òun ò mọ̀, òun máa béèrè.

A padà délé, a béèrè. Ìyá Eppie ronú. Ó kọ́kọ́ sọ pé imú ni ọkùnrin náà fi ń kọrin. Ó tún sọ pé tíì rẹ̀ kì í dúdú tó, ẹni tó mu ún sọ bẹ́ẹ̀ fún òun. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí Grizel kí ó fa òun jókòó dáadáa.

"Ẹ sọ fún un pé ẹ̀gbẹ́ iná ni."