Bí Láídì Ṣe Fa Ọkọ Rẹ̀ Dé Kútọnu

Láti ìgbà tí òkun ti gbé ilé wọn lọ ní Awóyè ni Sàláúdéènì kò ti fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Òkun kó ilé, ó tún kó ọkọ̀ tó fi ń pẹja mọ́ ọn, òun àti Láídì ìyàwó rẹ̀ sì di ẹni tó ń fara pamọ́ sí yàrá kan nílé àbúrò rẹ̀. Láídì ń bá àwọn èèyàn yan ẹja kí wọ́n lè rí jẹ. Bó bá bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láàárọ̀, "hùn" ni. Lálẹ́, "hùn" náà ni.

Ìyẹn ló jẹ́ kó fà á lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ kan pé kí àwọn lọ kí Khalidat, ọmọ wọn tó ń ṣe tísà ní Àgbádárìgì. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi dé Igbókòdá, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n sun Èkó. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n dé Àgbádárìgì, ni Láídì bá pe ọmọ rẹ̀ láti gáréèjì.

"Ìyá mi, kí ló dé tí ẹ ò pè mí kẹ́ ẹ tó gbéra?" ni Khalidat pariwo lórí fóònù. "Wọ́n ti kó àwa tísà lọ sí Abẹ́òkúta fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ó di ọjọ́ Ajé kí n tó dé. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ aládùúgbò mi, ẹ wọlé kẹ́ ẹ máa sinmi."

Láídì wo ọkọ rẹ̀. Ó jókòó lórí báàgì wọn bí ẹrù tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀. Kí àwọn méjèèjì máa wo ara wọn nínú yàrá títí di ọjọ́ Ajé? Bó ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni awakọ̀ kan ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: "Kútọnu! Ẹni méjì ló kù o! Kútọnu!"

"Bàbá Khalidat, ẹ dìde."

"Ṣé ká máa lọ sílé ọmọ náà?"

"Rárá. Kútọnu là ń lọ."

"Láídì, ta la mọ̀ ní Kútọnu?"

"A ò mọ ẹnì kankan. Ẹ jẹ́ ká lọ fojú wa rí i."

Kí Sàláúdéènì tó kọ̀, báàgì ti wà nínú ọkọ̀.

Oníṣòwò aṣọ kan tó ń jẹ́ Tolúlọpẹ́ jókòó tì wọ́n. Òun ló bá àwọn aṣọ́bodè sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọjá láìsí wàhálà, òun náà ló mú wọn dé ilé àlejò kékeré kan tó mọ́ tónítóní.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, Láídì ní òun ò ní jókòó sínú ilé. Ní títì, àwọn ọlọ́kadà tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè pọ̀ bí eṣú. Wọ́n gun ọ̀kadà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ní kí wọ́n gbé àwọn káàkiri ìlú. Àfi bí iná ojú títì ṣe dá ti Láídì dúró, tí ti ọkọ rẹ̀ sì kọjá lọ. Nígbà tí iná tún jẹ́ kí wọ́n lọ, kò rí ẹ̀yìn Sàláúdéènì mọ́.

"Láìláà! Bàbá Khalidat o!"

Fóònù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ nílẹ̀ àjèjì. Ọlọ́kadà náà ń sọ Faransé, òun ń sọ Yorùbá, wọn ò gbọ́ ara wọn. Ó wá bi ara rẹ̀ léèrè pé, ọkọ mi tí mo mọ̀ yìí, bó bá sọnù, ibo ló máa forí lé? Ibi omi ni. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi. Ọlọ́kadà wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó yí ọ̀kadà padà.

Létí ọ̀sà, lábẹ́ afárá ńlá kan, ni Láídì ti gbọ́ ẹ̀rín kan kó tó rí ẹni tó ń rín in. Sàláúdéènì ni! Ó jókòó láàárín àwọn apẹja tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, ó ń bá wọn tún àwọ̀n tó ya ṣe, ó sì ń fọwọ́ ṣàpèjúwe ẹja kan fún wọn.

"Láídì! Wá wò ó, bí a ṣe ń so tiwa náà ni wọ́n ń so ó!"

Láídì fẹ́ bú u fún ìpayà tó kó bá òun, ṣùgbọ́n omijé ló jáde. Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin yìí ti pe orúkọ òun báyẹn. Àwọn apẹja fún wọn ní ẹja díndín àti ẹ̀kọ tí wọ́n ń pè ní àkàsà, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé wọn kọjá lábẹ́ afárá. Sàláúdéènì gba àjẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ó wà á títí ó fi làágùn.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n lọ sí etí òkun. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí òkúta ràbàtà ràbàtà tí wọ́n tò wọ inú omi. Ìgbì ń sáré bọ̀ tìbínú-tìbínú, ó ń fọ́ lára òkúta náà. Lẹ́yìn òkúta, iyanrìn tẹ́ lọ rẹrẹ, àwọn èèyàn sì ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Sàláúdéènì sún mọ́ òkúta kan, ó fọwọ́ kàn án.

"Wọ́n dá òkun dúró," ló wí níkẹyìn. "Láídì, èmi ti rò pé kò sẹ́ni tó lè dá a dúró."

"Bó bá ṣeé ṣe níbí," ni Láídì dáhùn, "kò ní ṣàì ṣeé ṣe lọ́dọ̀ tiwa."

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n yà kí Khalidat ní Àgbádárìgì. Nígbà tí wọ́n padà dé Awóyè, Sàláúdéènì lọ sí ìpàdé ìlú, ó dìde láàárín àwọn àgbà, ó ṣàlàyé ohun tó rí. Àwọn kan kẹ́dùn pé ta ni yóò gbé òkúta wá fún Awóyè. Àwọn mìíràn ní ká kọ̀wé sí ìjọba lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tí yóò mú ìwé náà lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó bá Kọ́lájọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ pẹja. Láídì dúró létí omi títí ọkọ̀ fi bọ́ sínú ìgbì. Ẹ̀rù bà á díẹ̀, àmọ́ inú rẹ̀ dùn ju ẹ̀rù náà lọ. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó lọ wá igi ìdáná tí yóò fi yan ẹja ọkọ rẹ̀.